Reggae àwọn àgbà Jàmáíkà: ṣé orin ìsìn ni, àbí orin ìtàn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì kò gbọ́ orin mìíràn mọ́ ju reggae àtijọ́ ti Jàmáíkà lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní roots. Ó ní orin ẹ̀mí ni. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Mo gbọ́ Síónì, mo gbọ́ Sáàmù, mo gbọ́ orúkọ Ọlọ́run, àmọ́ mo tún gbọ́ ẹrú, ogun àti ìjọba. Akọrin ìjọ ni mí láti kékeré, n kò sì mọ ibi tí màá to orin yìí sí. Ṣé orin ìsìn ni, àbí orin ìtàn àti ìṣèlú tí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run bò lórí? Ọ̀rọ̀ igbó àti irun tó dì yẹn náà ń kọ mí lóminú."

Ẹ ṣeun, Mà. Ìdáhùn mi ni pé méjèèjì ni, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀kan kúrò lára èkejì kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ rárá. Fún àwọn tó dá roots reggae sílẹ̀, ìrántí gan-an ni ìjọsìn. Kí èèyàn rántí ọkọ̀ ẹrú, kó dárúkọ àwọn tí wọ́n so kọ́, kó béèrè pé níbo la ti wá, iṣẹ́ ẹ̀mí ni lójú wọn, bí àdúrà òwúrọ̀ ṣe jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀mí lójú tiyín. Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí pé ìgbà tí orúkọ reggae jáde ní 1968 kọ́ ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀.

Ní 1655 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù Jàmáíkà lọ́wọ́ àwọn ará Spéènì, wọ́n sì sọ ọ́ di oko ìrèké. Àwọn ọmọ Akan, Igbo, Kongo àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti lọ ṣẹrú. Ẹni tó kọ́kọ́ gbin ìjọ Onítẹ̀bọmi síbẹ̀, George Liele, ẹrú ni òun náà tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó tó gba òmìnira tó sì wọkọ̀ dé Jàmáíkà ní 1783. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹnu aláwọ̀dúdú ni ọ̀pọ̀ ẹrú Jàmáíkà ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Mósè àti Fáráò, kò sì sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà Kérésìmesì 1831. Sam Sharpe, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Montego Bay, ẹrú tó mọ̀wé kà, ti rí i nínú Bíbélì pé ẹnikẹ́ni kò lè sin olúwa méjì. Ó ń lọ láti ìpàdé àdúrà kan sí òmíràn, ó ń mú kí àwọn èèyàn fi Bíbélì búra pé lẹ́yìn ọdún, àwọn kò ní padà sóko àyàfi bí wọ́n bá máa sanwó iṣẹ́ fún àwọn. Nǹkan bí 60,000 ẹrú ló dìde. Nígbà tí ilé ẹjọ́ parí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún tí wọ́n sì pa lé ní 300. Wọ́n so Sharpe fúnra rẹ̀ kọ́ ní May 1832. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin láti fòpin sí oko ẹrú, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní August 1834. Ogun Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń pe ìdìde yẹn títí di òní. Ó ku ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé kí ẹnikẹ́ni tó ta gìtá reggae, Bíbélì àti ìjà òmìnira ti wà lọ́wọ́ kan náà.

Ìdí nìyẹn tí Sáàmù 137 fi wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. "Lẹ́bàá odò Bábílónì, níbẹ̀ ni àwa gbé jókòó, àwa sì sọkún nígbà tí àwa rántí Síónì." Ẹ̀yin náà ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀, àwọn tó kó wọn nígbèkùn ní kí wọ́n kọrin fún àwọn, wọ́n sì dáhùn pé báwo làwọn ṣe máa kọ orin Olúwa ní ilẹ̀ àjèjì. Ọmọ ọmọ ẹrú tó ń ka ẹsẹ yìí ní ìgboro Kingston kò rò pé ìtàn àwọn Júù ìgbàanì ni òun ń kà. Ìtàn ara rẹ̀ ló ń kà. Bábílónì ni ìjọba tó kó bàbá ńlá rẹ̀ lẹ́rú, ó sì tún ni ọlọ́pàá tó fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ lánàá. Síónì ni Áfíríkà, pàápàá Etiópíà. Nígbà tí ẹgbẹ́ Melodians fi Sáàmù yìí ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1970, ìjọba kọ́kọ́ ní kí rédíò má gbé e nítorí ọ̀rọ̀ Rasta tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀sìn àwọn ará Jàmáíkà tó ka Ras Tafari, ọba Etiópíà, sí Ọlọ́run. Ẹ rò ó wò: Sáàmù inú Bíbélì di ohun tí ìjọba ń bẹ̀rù.

Ẹni tó so Etiópíà mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni Marcus Garvey. St Ann's Bay ni wọ́n bí i sí ní 1887. Ó dá UNIA, ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan àti ìlọsíwájú aláwọ̀dúdú, sílẹ̀ ní Kingston ní 1914, ó gbé e lọ sí New York, ẹgbẹ́ náà sì tàn dé gbogbo ibi tí aláwọ̀dúdú wà. Ó ń wàásù pé kí ọmọ Áfíríkà ní ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tirẹ̀, kó sì fi ojú Etiópíà wo Ọlọ́run, kó yé fi ojú aláwọ̀funfun wò ó. Ẹgbẹ́ yìí dé Èkó ní 1920. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀ níbẹ̀ ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, òun náà ló sì sọ búrẹ́dì di oúnjẹ tẹrú-tọmọ ní Èkó. Okùn tó so wá pọ̀ mọ́ wọn ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù November 1930, wọ́n dé Ras Tafari Makonnen ládé ní Addis Ababa. Ó gba orúkọ Haile Selassie, oríkì rẹ̀ sì ni Ọba àwọn ọba, Kìnnìún aṣẹ́gun ti ẹ̀yà Júdà. Àwọn tálákà Jàmáíkà tó ń ka ìwé Ìfihàn orí 5 mọ oríkì yẹn. Wọ́n mọ Sáàmù 68 náà, níbi tó ti sọ pé Etiópíà yóò na ọwọ́ rẹ̀ sí Ọlọ́run. Ọba dúdú kan wà láyé tí àwọn ọmọ ọba Yúróòpù lọ wárí fún! Leonard Howell àti àwọn oníwàásù díẹ̀ bíi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kéde rẹ̀ pé òun ni Mèsáyà tó padà wá. Howell ń ta fọ́tò ọba náà ní ṣílè kan, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ọba wọn. Ní 1934, ilé ẹjọ́ Morant Bay sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì fún ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó jáde, ó dá abúlé kan sílẹ̀ ní 1940 lórí òkè ní St Catherine, ó pè é ní Pinnacle. Ọgọ́rọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń dáko, wọ́n ń lùlù. Ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀ ní 1941, wọ́n sì tún padà wá ní 1954, wọ́n wó o palẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún yín, torí pé àwọn olórin kì í sábà sọ ọ́: Garvey fúnra rẹ̀ kò gbà pé Ọlọ́run ni Selassie. Nígbà tí ogun Ítálì lé ọba náà kúrò nílùú ní 1936, Garvey bẹnu àtẹ́ lù ú gidigidi nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn Rasta ń pe Garvey ní wòlíì, wọ́n sì ń pe Selassie ní Jah, èyí tó jẹ́ orúkọ Ọlọ́run nínú Sáàmù 68 ẹsẹ 4. Ìtàn àti ìgbàgbọ́ kì í fìgbà gbogbo rìn ní ẹsẹ̀ kan náà.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n kò mọ sí Pinnacle. Ní ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Àjíǹde 1963, ọdún kejì tí Jàmáíkà gba òmìnira, ìjà kan lórí ilẹ̀ ní Coral Gardens nítòsí Montego Bay di ìjàǹbá, àwọn èèyàn kú. Ìjọba wá rán ọlọ́pàá àti ṣọ́jà síta láti máa kó Rasta níbikíbi tí wọ́n bá ti rí wọn. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n fá irun wọn, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Ní 2017, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, olórí ìjọba Jàmáíkà tọrọ àforíjì ní gbangba. Nítorí náà, Mà, bí ọmọ yín bá ń gbọ́ orin tó dárúkọ ọlọ́pàá pọ̀ mọ́ Sátánì, kó má yà yín lẹ́nu. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ọjọ́ kan wà tí nǹkan yí padà: ọjọ́ 21 oṣù April 1966. Haile Selassie fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ sí Kingston. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀, ó sì dá nígbà tí ọkọ̀ náà yọ. Ogunlọ́gọ̀ fọ́ okùn tí wọ́n fi dá wọn dúró, wọ́n sáré lọ sábẹ́ ìyẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú àsíá, ìlù àti imọ̀ ọ̀pẹ. Ọba kò lè sọ̀ kalẹ̀. Mortimer Planno, àgbà Rasta kan, ni wọ́n ní kó gun àtẹ̀gùn lọ bá a, kó sì bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n là fún un. Ẹ̀gbẹ́ ọba ni Rasta tí ọlọ́pàá ń lé kiri tẹ́lẹ̀ wá dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Rita Marley wà láàárín èrò. Ó sọ pé òun rí àpá ní àtẹ́lẹwọ́ ọba náà bó ṣe ń juwọ́. Bob ọkọ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, kò sí nílé. Láàárín ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìbẹ̀wò yìí, bí ẹ bá wo àwọn olórin Kingston, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni wọ́n ń jẹ́ kí irun wọn dì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìlù, nítorí ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ mi ti máa ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìlù mẹ́ta ni àwọn Rasta ń lù níbi ìsìn wọn tí wọ́n ń pè ní nyabinghi. Èyí tó tóbi jù ni bass: awọ ewúrẹ́ lójú méjèèjì, igi tí wọ́n wé aṣọ mọ́ lórí ni wọ́n fi ń lù ú, ó sì ń dún wá láti inú ilẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni funde, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù, gbì-gbì, ó dákẹ́, gbì-gbì, ó dákẹ́, bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù. Funde kò gbọ́dọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń lù ú lè lù ú láti alẹ́ dé àárọ̀ láì dá àrà kankan. Èyí tó kéré jù ni repeater, òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń dá àrà, òun ló ń fò lókè bí ẹ̀mí bá ti gbé onílù. Wọ́n ń kọ Sáàmù àti orin ìjọ àtijọ́ inú ìwé Sankey sí i, wọ́n fa orin náà lọ́ra, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí ẹ bá mọ ìlù wa, ẹ ó ti rí ìyàtọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, omele ló ń gbè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàtá rí láti Ọ̀yọ́ dé Cuba. Tiwọn jẹ́ òdìkejì: ìlù kékeré ló ń sọ̀rọ̀, ńlá ló ń gbè é. Bí kumina ṣe rí nìyẹn, ìyẹn ìsìn àwọn ọmọ Kongo tó dé agbègbè St Thomas ní Jàmáíkà lẹ́yìn tí oko ẹrú parí. Mo máa ń gbọ́ kí àwọn èèyàn wa máa sọ pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni ìlù reggae ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ipa Kongo àti Akan ló hàn jù níbẹ̀. Àwọn Yorùbá dé Jàmáíkà lóòótọ́, púpọ̀ nínú wọn lẹ́yìn òmìnira àwọn ẹrú, wọ́n sì fi àmì sílẹ̀: abúlé kan wà ní Westmoreland tó ń jẹ́ Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń pè ní Bẹkuta, àwọn ará Hanover sì ń ṣe ìnáwó fún àwọn òkú wọn tí wọ́n ń pè ní ettu, tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣì wà nínú orin rẹ̀. Ogún tó yẹ ká fi yangàn nìyẹn. Kò yẹ ká tún gba ti Kongo mọ́ ọn.

Bí ìlù náà ṣe dé ọwọ́ àwọn Rasta, ìtàn tó dùn ni. Ní àwọn àdúgbò òtòṣì ìwọ̀-oòrùn Kingston, àwọn onílù kan wà tí wọ́n ń pè ní burru, tí ìlù wọn ti wà láti ìgbà oko ẹrú. Iṣẹ́ tó kù fún wọn nígbà yẹn ni láti máa fi ìlù kí ẹni tó bá ti ẹ̀wọ̀n dé. Burru ní ìlù, kò ní ẹ̀sìn. Rasta ní ẹ̀sìn, kò ní ìlù tirẹ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n gba ti ara wọn. Ọ̀dọ́kùnrin kan, Oswald Williams, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Count Ossie, kọ́ ìlù yìí lọ́dọ̀ àgbà onílù burru, ó sì dá àgọ́ sílẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn Kingston. Àwọn afunfèrè tó ti kọ́ orin lọ́dọ̀ àwọn sísítà Kátólíìkì ní ilé-ẹ̀kọ́ Alpha máa ń wá bá a jókòó lóru. Don Drummond wà lára wọn, Rico Rodriguez náà wà lára wọn. Fèrè jáàsì ń dáhùn sí ìlù burru, Sáàmù wà láàárín wọn. Nígbà tí Prince Buster, olùgbé-orin-jáde kan, mú Count Ossie wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní nǹkan bí 1960 láti wá lùlù fún ẹgbẹ́ akọrin Folkes Brothers, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìlù Rasta wọ inú orin tí gbogbo ìlú ń jó sí.

Láti ibẹ̀, orin ń yí padà: ska tó yára, rocksteady tó rọra ní 1966, lẹ́yìn náà reggae. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ orin, ni ibi tí ìlù náà ń bọ́ sí. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì wa, àti nínú ọ̀pọ̀ orin òyìnbó, ení ni agbára wà. Onílù reggae fi ení sílẹ̀ lófìfo, á wá lu ìlù ńlá àti ìlù kékeré pọ̀ ní ẹ̀ta. Wọ́n ń pè é ní one drop, Carlton Barrett tó ń lùlù fún Bob Marley sì ni ọ̀gá rẹ̀. Gìtá ń gé ní èjì àti ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ olórin níbẹ̀ gbà pé ọwọ́ funde ni gìtá yẹn ń tẹ̀ lé. Gìtá béèsì ló wá ń kọ orin gan-an, ó ń sọ gbólóhùn kan náà lásọtúnsọ bí ẹni tó ń ka rosary. Ibi òfìfo tó wà ní ení yẹn ló ń fa ara èèyàn wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ni yóò fi mímí yín dí i. Ìdí nìyẹn tí roots fi ń ṣiṣẹ́ bí àdúrà kódà kí èèyàn má gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ fi orin kan ṣoṣo hàn yín, kó jẹ́ Satta Massagana ti ẹgbẹ́ Abyssinians. Wọ́n kọ ọ́ ní Studio One ní 1969. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta náà ń kọ́ èdè Ámháríkì, wọ́n sì fi sínú orin náà kí wọ́n lè fi èdè Etiópíà yin Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lórí ilẹ̀ kan tó jìnnà, níbi tí kò sí òru. Coxsone Dodd tó ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ náà kò rí ọjà nínú rẹ̀, ó gbé e jù sínú àpótí. Àwọn olórin náà gba téèpù wọn padà, wọ́n sì gbé e jáde fúnra wọn ní 1971. Láàárín ìgbà díẹ̀, ó di orin ìsìn: àwọn Rasta ń kọ ọ́ níbi ìpàdé bí ẹ̀yin ṣe ń kọ orin inú ìwé orin mímọ́. Ẹ fetí sí bí ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wọnú ara wọn. Ẹ̀yin akọrin ìjọ kò ní ṣàìmọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Burning Spear ni mo máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Winston Rodney ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ọmọ St Ann's Bay kan náà tí wọ́n ti bí Garvey. Ní 1975 ó gbé àwo orin kan jáde tó fi orúkọ Garvey pè, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Jàmáíkà kò mọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe mọ́. Ó ń bi olùgbọ́ léèrè bóyá ó rántí ìgbà oko ẹrú, á dákẹ́, á tún bi í. Ìbéèrè kan náà, léraléra, pẹ̀lú fèrè tó ń sunkún lẹ́yìn. Bí ẹ bá ti dé ibi ìsìn tí oníwàásù ti ń béèrè pé "Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?" títí gbogbo ilé fi dáhùn, ẹ mọ ohun tó ń ṣe.

Bob Marley ni gbogbo èèyàn mọ̀, n kò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀, àfi ohun kan. Ní ọjọ́ 4 oṣù October 1963, Haile Selassie dúró níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ó sì fi èdè Ámháríkì sọ pé títí ẹ̀kọ́ tó ń gbé ìran kan ga ju òmíràn lọ yóò fi parẹ́, àlàáfíà kò ní wà. Ní 1976, Bob mú ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe wà, ó fi béèsì àti one drop sí i, ó sì di orin tó ń jẹ́ War. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé dìde ní Soweto. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ìwàásù ni, ìtàn ni, lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni yóò sọ pé ibí ni ìsìn parí sí, ibí ni ìṣèlú ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin tún béèrè nípa igbó àti irun. Igbó náà dé Jàmáíkà pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ oko láti 1845, orúkọ Íńdíà náà ni wọ́n ṣì ń pè é níbẹ̀, ganja. Àwọn Rasta ń mu ún bí ohun ìsìn, òfin Jàmáíkà sì ti gbà wọ́n láyè bẹ́ẹ̀ láti 2015. Òfin Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè, ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ yín láìfi bò. Orin náà kò béèrè pé kó mu ún kó tó gbọ́ ọ. Ní ti irun, ẹ̀jẹ́ Násírì inú ìwé Númérì orí 6 ni wọ́n dì mú, pé abẹ kò gbọ́dọ̀ kan orí ẹni tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Olúwa. Àwọn kan ń fi wé dàda tiwa, àmọ́ dàda wá sáyé pẹ̀lú irun rẹ̀. Rasta jẹ́jẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni.

Lórí pé Selassie ni Ọlọ́run, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì ní díbọ́n fún yín. Onígbàgbọ́ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Etiópíà ni ọba náà fúnra rẹ̀. Láyé rẹ̀ ni ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Jàmáíkà ní 1970, inú ìjọ yẹn sì ni Bob Marley ti ṣèrìbọmi ní November 1980, oṣù díẹ̀ kó tó kú. Àwọn Rasta fúnra wọn kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ẹgbẹ́ Rasta kan tó ń jẹ́ Ẹ̀yà Méjìlá Ísírẹ́lì, tí Bob àti akọrin Dennis Brown wà nínú rẹ̀, ń sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn kó ka orí kan nínú Bíbélì lójúmọ́, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Ìdí nìyẹn tí orin wọn fi kún fún ẹsẹ Bíbélì tó bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè kọ ẹ̀kọ́ ìsìn wọn sílẹ̀, síbẹ̀ kó mọ̀ pé ìgbàgbọ́ òtítọ́ ni wọ́n fi kọrin.

Ní ilé níbí, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé SAP ń fún àwọn èèyàn lọ́rùn lẹ́yìn 1986, reggae ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà fi sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn: àwọn Mandators, Ras Kimono, Orits Wiliki, Evi-Edna Ogholi. Majek Fashek tó gbé orin òjò rẹ̀ jáde ní 1988, inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà ní Benin City ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin àti bí wọ́n ṣe ń ta gìtá. Ẹ gbọ́ orin òjò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó gbọ́ ìpàdé àdúrà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, Mà, ẹ má gba orin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá a gbọ́ ọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Satta Massagana, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwo Garvey ti Burning Spear. Bí ẹ bá ti gbọ́ méjèèjì, ẹ wá àwo tí Count Ossie àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1973, Grounation. Àwo mẹ́ta ló wà nínú páálí kan, ìlù, fèrè, Sáàmù àti ìtàn tí wọ́n ń fi ẹnu sọ ló sì kún inú rẹ̀. Kò sí èyí tó sún mọ́ ojúlé orin yìí jù ú lọ. Ẹ má fi fóònù gbọ́ ọ o. Ẹ wá sípíkà tó lè gbé béèsì jáde, nítorí ìlù ńlá yẹn ni fóònù máa ń kọ́kọ́ gé dànù.